Wọ́n Ń Ta Ilé Tí A Gbé Rí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Karùn-ún

Lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló gun òkè wá láàárọ̀ yìí. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló máa ń fi bá wa sọ̀rọ̀, nítorí náà mo ti mọ̀ pé ohun tó gbé e gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta kì í ṣe kékeré. Ó mu omi tán, ó ní ọmọ òun fẹ́ gbéyàwó, ibí ni tọkọtaya náà máa gbé, ká jọ̀wọ́ ká ti wá ibòmíì kí oṣù Keje tó parí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Mi ò rí ibi tí mo ti lè bínú sí i.

Màámi béèrè láti inú yàrá pé ṣé owó ilé ló wá gbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti dúró de Jẹ́jẹ́, àbúrò mi ọkùnrin, kí n tó sọ fún un. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ rò pé àwọn ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí bó ṣe ń rọra wa ọkọ̀ tó fi ń kó àwọn aláìsàn relé láti ilé ìwòsàn. Wọn ò mọ̀ pé láti kékeré la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́rọ̀ mi tán, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ra tiwa."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6

Báńkì. Akọ̀wé tó dá wa lóhùn wo èmi, ó wo àbúrò mi, ó ní ṣé tọkọtaya ni wá. Mo ní rárá o, ìyá kan bàbá kan ni. Ó wo ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí àyè irú wa nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ jọ ra ilé?"

Jẹ́jẹ́ ní, "Bí a bá yọ ìgbà tí wọ́n fi wà nílé ọkọ kúrò, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi la ti jọ ń gbé, sà. A ò tíì ja ìjà tó ju ti ẹran inú ọbẹ̀ lọ."

Ojú ọkùnrin náà wá là. Láti ìgbà tí ilé ọkọ ti tú mọ́ mi lórí ni mo ti padà sọ́dọ̀ Màámi, Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀ ò sì tíì gbéyàwó, ó ní òun ṣì ń rọra wò ó ná. Èmi ń rán kọ́tíìnì, òun ń wa ọkọ̀. Wọ́n ní bí a bá pa owó tí àwọn lè yá wa pọ̀ mọ́ èyí tí a ti tọ́jú, a lè ra ilé tó tó mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rin náírà. Kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10

Ilé mẹ́ta nínú òjò.

Nínú ti àkọ́kọ́, òpó ńlá kan wà láàárín pálọ̀ gangan. Alágbàtà wa, ọmọbìnrin kan tó ń wọ bàtà gogoro, ní ó ń bu ẹwà kún ilé ni. Jẹ́jẹ́ fẹ̀yìn tì í, ó ní, "Kò burú, a ó máa kí i láàárọ̀." Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun èkejì ni, òórùn ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó tutù bí imú ajá. Nínú ẹ̀kẹta, bàbá àgbàlagbà kan wà lórí ibùsùn nínú yàrá tí wọ́n mú wa wọ̀. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wa káàbọ̀, ó ní, "Ṣé ẹ máa rà mí mọ́ ọn ni?" Ó rò pé òun ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n alágbàtà yára pa ilẹ̀kùn dé.

Láti ìgbà tí mo ti ń wọn fèrèsé onífèrèsé, mi ò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni rí. Lónìí alágbàtà ń ṣí wọn fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣọ àti ìkòkò olóhun sì wà níbẹ̀. Ojú tì mí bí olè.

Ọjọ́bọ̀, 15

Ilé ẹ̀yìn pósíọ́fíìsì tí a dá owó lé láàárọ̀ ti lọ. Ẹlòmíì fi mílíọ̀nù méje lé tiwa kí ilẹ̀ tó ṣú. Aṣọ kọ́tíìnì náà ti wọ́n sí i. Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Mo sọ fún Màámi pé wọ́n ní ká kó jáde. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí lánlọ́ọ̀dù ti mu omi. "Ta ló ń mumi nílé ẹni tó wá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀?" Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wá ni pé kí ilé tuntun má ní àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn ti tó gẹ́ẹ́ fún orúnkún rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Mi ò tíì bọ́ bàtà, mo ti ń kọ èyí.

Alágbàtà ní òun ní ilé kan tí kò tíì dé etí aráyé. Mi ò fi orúkọ àdúgbò náà pe nǹkan kan torí wọ́n ti yí i padà. Àwọn ìsọ̀ tí mo mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà títì ti di ilé gíga. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tí a ń rìn lọ síbi tí ọ̀nà ti tẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti mọ ibẹ̀ kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Mo mọ ibi tí màá ti yà fún gọ́tà. Mo gbójú sókè, ilé Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, onílé tí a kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, rèé níwájú mi.

Ilẹ̀kùn tó jẹ́ aláwọ̀ ewé nígbà náà ti di aláwọ̀ ilẹ̀, òun nìkan ló yàtọ̀. Ilẹ̀ pálọ̀ ṣì jẹ́ pupa àti funfun, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, bí mo ṣe ń yọjú wò ó láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ayálégbé ẹ̀yìnkùlé ni wá. Mi ò fẹsẹ̀ tẹ pálọ̀ yẹn rí títí di òní. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo rìn ín já láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo tún rìn ín padà, alágbàtà sì rò pé mo ń wọn ilé ni.

Yàrá tiwa ti di ibi tí wọ́n ń kó àlòkù sí. Mo wọlé, mo dúró. Ibùsùn wà níhìn-ín, sítóòfù wà lọ́hùn-ún, ìṣó tí Bàámi máa ń fi kóòtù rẹ̀ kọ́ ṣì wà lára ògiri, wọ́n ti kùn ún pọ̀ mọ́ ògiri. Bàámi ti lọ, kóòtù yẹn náà ti lọ, ṣùgbọ́n mo mọ bí òórùn rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ òjò. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé ti ga ju òrùlé lọ. Abẹ́ rẹ̀ la ti máa ń ṣe eré ìdákẹ́, èmi àti Màámi, Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló pàdánù. Bí mo bá borí, Màámi á fún mi ní hóró ṣúgà kan, mi ò ní rún un, màá jẹ́ kó máa yọ́ fúnra rẹ̀. Mi ò rò pé mo tún ti láyọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ níbi kankan.

Mo ń rò ó fún Jẹ́jẹ́. Kò rántí nǹkan kan, kò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa nígbà tí a kó kúrò níbẹ̀. Òrùlé ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, páànù yìí ti gbó o."

Mo gbọ́ ọ. Mo tún padà lọ wo ìṣó Bàámi.

Ọjọ́ Ajé, 26

A dá mílíọ̀nù mẹ́rìnléláàádọ́rin lé e. Ọmọ-ọmọ Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ló ń tà á, ìlú òkèèrè ló wà, kò mọ̀ wá. Jẹ́jẹ́ ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní kò sí ohun tó dá mi lójú tó èyí rí láyé mi. Ó ní ó dáa, bí inú mi bá ti dùn, kò burú.

Ọjọ́ Ẹtì, 30

Méjìdínlọ́gọ́rin, wọ́n ní. A ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Wọ́n gbà. Inú ọjà aláṣọ ni mo wà nígbà tí ìpè náà wọlé, mo sì dì mọ́ ẹni tó ń tà fún mi. Ó bá mi yọ̀, kò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń yọ̀ sí.

A ò tíì sọ fún Màámi. Mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹfà

Ọ̀gbẹ́ni tí a sanwó fún kó yẹ ilé náà wò ti ṣe tán. Òrùlé máa tó fẹ́ àtúnṣe, ògiri ẹ̀yìn sì ti sán díẹ̀. Mo ní ta ni kì í sán bó bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́ wò mí, ó ń ṣírò owó páànù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

A mú Màámi lọ.

Mo ní kó wọ aṣọ tó dáa, a ò sọ ibi tí à ń lọ fún un. Láti ilé ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe yà síbi tí ọ̀nà ti tẹ̀, ó dákẹ́. Mo rò pé ayọ̀ ni. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Jẹ́jẹ́ pé kó wò ó.

Alágbàtà ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún Màámi pé kó wọlé. A wẹ̀yìn, a ò rí i. Ó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń di ògiri mú.

"Màámi, ọ̀nà rèé."

"Mo mọ̀," ló wí, ó sì ń lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó mú un dání. Mo rẹ́rìn-ín, mo dì í lọ́wọ́ mú wọ yàrá wa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn án: ìṣó Bàámi, ojú sítóòfù, igi ọsàn wẹ́wẹ́ láti ojú fèrèsé. Ó ń mi orí, ó ń ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Alágbàtà yọjú, ó béèrè bóyá ẹnì kan ń sùn nínú ilé. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wúyẹ́wúyẹ́ ni Màámi ń sọ̀rọ̀, èmi náà sì ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo mú un dé pálọ̀. Mo ní kó jókòó sórí àga kan tí wọ́n fi sílẹ̀. Ó ní òun á dúró.

"Màámi, ẹ rántí eré ìdákẹ́ wa?"

"Eré wo?"

Mo ṣàlàyé. Ó wò mí pẹ́ títí.

"Ìwọ lo pè é léré. Mo dúpẹ́ pé eré lo pè é." Ó gbé bàtà rẹ̀ sí ọwọ́ kejì. "Ọmọ kan ni Bàbá Lánlọ́ọ̀dù bá wa ṣàdéhùn lé lórí. Nígbà tí mo bí àbúrò rẹ, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òun bá gbọ́ igbe ọmọ nínú ilé òun, ká wá ibòmíì. Bàbá yín ò sì tíì ríṣẹ́ gidi nígbà náà. Níbo la fẹ́ lọ? Mo ń gbé ọmọ jó láti àárọ̀ dalẹ́, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ ni mò ń wí sí i létí. Bí ìwọ náà bá fẹ́ máa pariwo, mo ní ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Jẹ́jẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ṣé ibẹ̀ lorúkọ mi ti wá?"

"Níbo lo rò pé ó ti wá?"

Mo bi í pé kí ló wá dé tí a fi kó jáde. Ó ní eyín ló hù lẹ́nu Jẹ́jẹ́, igbe rẹ̀ sì dé pálọ̀.

Alágbàtà jáde lọ fóònù. Màámi wá fọwọ́ pa mí léjìká, ó ní, "Ilé yìí dáa, ọmọ mi. Bẹ́ ẹ bá rà á, màá bá yín gbé e, màá sì ṣàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá rí i tí mò ń rọra rìn, ẹ má rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

Ọjọ́ Àìkú, 8

Mò ń bínú, mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Mo gé aṣọ oníbàárà ní kúkúrú. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó.

Ọjọ́rú, 11

Èmi àti Jẹ́jẹ́ jà, kì í sì í ṣe torí ẹran. Mo ní ibo ló fẹ́ ká wọ̀ kí oṣù Keje tó parí, ṣé abẹ́ afárá ni. Mo ní Màámi fúnra rẹ̀ sọ pé òun á bá wa gbé e. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi á gbé e, ṣebí ó ti gbé e rí. Mo ní ohun gbogbo tó dùn mọ́ mi lọ́mọdé, inú ilé yẹn ló wà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú ilé yẹn kọ́. Ọwọ́ Màámi ló wà."

Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo pe alágbàtà fúnra mi, mo ní a ti yọwọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé èèyàn ń dúró lẹ́yìn yín?" Mo ní mo mọ̀. Owó tí a san fún ọ̀gbẹ́ni tó yẹ ilé wò ti wọgbó.

Mo sọ fún Màámi. Kò dúpẹ́, kò bá mi kẹ́dùn. Ó béèrè ohun tí màá jẹ. Nígbà tó gbé oúnjẹ dé, mo rí i pé ẹran tirẹ̀ wà nínú àwo mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Ilé méjì, òfo méjì. Èkejì ní àtẹ̀gùn tí alágbàtà ò mẹ́nu kàn, ó ní kò ju márùn-ún lọ. Màámi wo márààrún láti inú ọkọ̀, ó ní ká bá òun kí wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Jẹ́jẹ́ gbé aláìsàn kan relé lónìí, ó rí àkọlé "Ilé yìí wà fún títà" lára ọgbà ilé tó wà ní òdìkejì. Ìparí ọ̀nà ni, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kò rẹwà o. Mo ní ta ló bi í ní ti ẹwà.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Keje

Òtítọ́ ni, kò rẹwà. Ọ̀dà osùn tó ti ṣá, fèrèsé wẹ́wẹ́, ilẹ̀kùn báfúrúùmù tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fà létí. Ṣùgbọ́n yàrá mẹ́ta ni, orí ilẹ̀ ló wà, òrùlé rẹ̀ sì dúró dáadáa. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ló ni ín, ó ń lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. A wà nínú kíṣìnì nígbà tí agogo ilé ìwé lù, ariwo ọmọdé sì bo gbogbo ilé. Bàbá náà ní òun ò ní tàn wá jẹ, ariwo yìí ló ń lé àwọn tó ń wá rà á.

Màámi ti jókòó sí ìloro. "Wọ́n ń ṣeré ni," ló wí. Ó yíjú sí bàbá náà. "Ẹ̀yin bàbá, èló lẹ fẹ́ gbà gan-an?"

Alágbàtà ní, "Màmá, a máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ ni mà, a kì í…"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin," bàbá náà wí.

"Ẹ gba márùndínláàádọ́rin."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ná ọjà lójú òun. Alágbàtà ń wo ilẹ̀, Jẹ́jẹ́ ń wo òkè. Wọ́n ná an síwá, wọ́n ná an sẹ́yìn, Màámi tilẹ̀ dìde bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, orúnkún náà sì gbà fún un. Wọ́n parí rẹ̀ sí mọ́kànléláàádọ́rin, bàbá náà sì ní òun á fi rédíò kan sílẹ̀ fún un ní èènì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Lọ́yà ní ìwé ilé mọ́. Báńkì ní ká mú ẹ̀rí kan wá tí a ti mú wá rí. Mo tún mú un lọ. Òjò pa mí lọ, ó pa mí bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Mo lọ wọn fèrèsé fún oníbàárà kan, mo sì gba ọ̀nà ilé Bàbá Lánlọ́ọ̀dù kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibẹ̀ ló yá. Àwọn tó rà á ti kó dé. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lórí igi ọsàn wẹ́wẹ́, ó ń pe ìyá rẹ̀ ní gbogbo agbára ọ̀fun rẹ̀ pé kó wá wo òun. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́. Mo dúró títí ìyá náà fi jáde wá wò ó. Omi ń bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n kò korò.

Ọjọ́rú, 23

Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún wa. Jẹ́jẹ́ wa ọkọ̀ relé, ọkọ̀ ẹrù ń fun fèrè lẹ́yìn wa, ó ní kí wọ́n gba orí wa kọjá bí wọ́n bá lè fò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

A kó. Lánlọ́ọ̀dù rán ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gbéyàwó wá bá wa gbé ẹrù. Ọmọ dáadáa ni. Mo fi kọ́tíìnì pálọ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, mo ní ìwọ̀n fèrèsé yẹn ni, kò lè wúlò fún mi níbòmíì. Kí n tó tilẹ̀kùn, mo wo yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo ti mọ̀ báyìí pé ibẹ̀ náà á máa wù mí tó bá yá.

Ọjọ́ Àìkú, 27

Ara ń ro mí, mi ò mọ ibi tí ṣíbí wà. Jẹ́jẹ́ ṣì ń sùn láàárín àpótí. Mo ń wọn fèrèsé pálọ̀ nígbà tí mo rí Màámi níta, tó ń gbá iwájú ilé. Obìnrin ilé kejì jáde, ó gbé àwo kan dání.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá onílé."

Màámi ò dáhùn, ó ń gbálẹ̀ lọ. Obìnrin náà tún un wí. Màámi dúró, ó wẹ̀yìn láti wo ẹni tí wọ́n ń kí. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀, àfi ilẹ̀kùn wa tó ṣí sílẹ̀.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin mà ni, mà."

Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó tú ìborí rẹ̀, ó rọra tún un wé, ó wá kọjú sí obìnrin náà.

"Ẹ kú àárọ̀, ọmọ mi," Màámi wí. "Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó."